Ọ́ìlì Bíréèkì Kì í Ṣe Ọ́ìlì

Bí iná pupa ti bíréèkì bá tàn níwájú yín nínú mọ́tò, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ohun tí ẹ máa bù sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé, níbo ni èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbà lọ? Ìkìlọ̀ tí mo ṣe fún Fọlákẹ́ ọmọ mi lórí fóònù nìyẹn, òun náà ló sì mú kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Olùkọ́ ni Fọlákẹ́ ní ilé ìwé girama kan ní Ayétòrò. Ìlaròó ni èmi ń gbé. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà láti kí mi, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

"Màmá, iná bíréèkì mi tàn, ṣùgbọ́n ó ti kú. Mo ti bu ọ́ìlì sí i."

"Ọ́ìlì wo?"

"Ọ́ìlì bíréèkì ni, Màmá. Ọ́ìlì wo ni mo tún fẹ́ bù sí bíréèkì?"

"Kí ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀?"

"Wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Ike omi ni. Obìnrin tó ń tà á ló rọ ọ́ fún mi látinú kẹ́ẹ̀gì."

Mo bi í pé níbo ni mọ́tò náà wà. Ó ní ó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé ìwé, pé òun fẹ́ fi gbé àwọn ọmọ mẹ́rin tó ń lọ ṣe ìdíje ìṣirò wá sí Ìlaròó lọ́sàn-án.

"Má gbé e. Yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí o fi í sínú báàgì rẹ. Mo ń bọ̀."

"Màmá! Ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Bíréèkì náà ń mú dáadáa."

"Mo mọ̀ pé ó ń mú. Àkókò tí kò ní mú ni kò tíì tó."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ lè máa rò ó pé obìnrin yìí kàn ń da ọmọ rẹ̀ láàmú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bíréèkì ni mo ṣe láti ìgbà tí mo jáde ilé ìwé girama títí orúnkún mi fi kọ̀ fún mi láti máa dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò. Ohun tí mo mọ̀ ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gba ìtàn gígùn. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá mi, owó ilé ìwé gíga kò sí, wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá náà ni oníbíréèkì wà. Ohun tó ń lọ níbẹ̀ wù mí ju bọ́tìnnì lọ. Mo sọ fún bàbá mi, wọ́n ní, "Ṣadé, ṣé o ò ní kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́?" Mo ní rárá. Wọ́n gbà.

Ọmọ Ègùn ni ọ̀gá mi. Àjàṣẹ́, lódìkejì ibodè, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í pariwo, aṣọ iṣẹ́ wọn kì í sì í dọ̀tí títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ọ́ìlì bíréèkì, likíìdì ni àwọn ń pè é, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Faransé. Àwọn awakọ̀ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Likíìdì, ẹ bá wa fi likíìdì díẹ̀ sí i o!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí awakọ̀ bá fẹ́, kó pè é ní ọṣẹ dúdú. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ pè é ní ọ́ìlì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n gbé agolo kan wá lórí tábìlì.

"Ọ́ìlì bíréèkì yìí ni, sà?"

"Lọ fọ ẹnu rẹ."

Mo rò pé eré ni. Wọ́n nawọ́ sí dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ, mo bu omi, mo fọ ẹnu mi níwájú gbogbo èèyàn. Gàníyù, ọmọ Owódé tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀.

"Ẹ kú oríire o, arábìnrin! Ẹ ti ṣe ìrìbọmi. Ó ku oúnjẹ alẹ́ Olúwa."

"Gàníyù," ni ọ̀gá wí, "kí ni orúkọ ohun tó wà nínú agolo yẹn?"

"Likíìdì ni, sà."

"O mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Kí ó wọ inú rẹ."

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. A kì í fi ọwọ́ tó kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnì fọwọ́ kan rọ́bà bíréèkì níbẹ̀. Ọṣẹ àti omi lákọ̀ọ́kọ́, kí ọ̀gá gbọ́ òórùn ọwọ́ náà, kí wọ́n tó mi orí. Àkísà tí a fi nu ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ wà lórí ìjókòó kan náà pẹ̀lú àkísà bíréèkì. Agolo tí a bá ti ṣí, tí a kò lò tán, a kì í fi pamọ́ de oníbàárà mìíràn. Mo bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe ìfiṣòfò ni. Wọ́n ní kí n lọ wo iyọ̀ tí ìyá mi ṣí sílẹ̀ nínú ilé ìdáná nígbà òjò. Mo mọ bí iyọ̀ náà ṣe máa ń rí: á ti mu omi nínú afẹ́fẹ́, á ti rin. Wọ́n ní bí likíìdì náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ń mu ọ̀rinrin láìsí ẹni tó rí i. Bí ó bá ti mu ún yó, ọjọ́ tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì títí níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí gbogbo rẹ̀ gbóná, omi inú rẹ̀ á hó, á di ooru, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì wọlé bí ẹni tó tẹ òfìfo.

Nítorí afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín, torí òun ni gbogbo iṣẹ́ wa. Likíìdì kò ṣeé fún pọ̀. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, likíìdì inú páìpù á gbé agbára ẹsẹ̀ yín lọ sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Bí ó bá wà nínú páìpù, òun ni ẹsẹ̀ yín á máa fún, táyà á sì máa yí lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fa afẹ́fẹ́ jáde nígbàkígbà tí a bá tú bíréèkì tàbí tí a bá pààrọ̀ likíìdì rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó, ẹnì kejì dùbúlẹ̀ sídìí táyà pẹ̀lú sípánà. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ihò láàárín. A ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ orí rẹ̀, a ó ki ẹnu kejì rọ́bà náà bọ inú ike tí a ti bu likíìdì díẹ̀ sí. Ẹni ìsàlẹ̀ á ní, "Tẹ̀ ẹ́!" Ẹni òkè á tẹ̀ ẹ́ léraléra títí á fi le. Ẹni ìsàlẹ̀ á ní, "Dì í mú!" Ẹni òkè kò gbọdọ̀ sọ pé "ẹn." Ó gbọdọ̀ sọ pé, "Mo dì í mú!" Ìgbà náà ni sípánà á tó ṣí nọ́ọ̀tì. Likíìdì àti afẹ́fẹ́ á jáde, pẹ́dàlì á máa rì lọ sílẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ á dé nọ́ọ̀tì, á ní, "Fi sílẹ̀!" Ìgbà yẹn nìkan ni ẹsẹ̀ á tó gbéra. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra kí a tó dé nọ́ọ̀tì náà, afẹ́fẹ́ tí ẹ ń lé jáde á padà wọlé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀.

Orí ìjókòó yẹn ni mo wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo ń tẹ pẹ́dàlì. Gàníyù ló ń di sípánà mú. Mo bi ọ̀gá pé ìgbà wo ni ọwọ́ mi máa kan irin.

"Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti mọ ohun tí ọwọ́ rẹ fẹ́ ṣe."

Gàníyù pariwo láti abẹ́ mọ́tò, "Sà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gba ìwé mẹ́wàá! Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀fọn ń jẹ mí!"

Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Mo fẹ́ràn Gàníyù bí ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì sí mọ́tò tó ń dẹ́rù bà á. Nígbà tó gba òmìnira, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun kò lè máa tún ohun tí ẹlòmíràn ń gbádùn ṣe. Ó ra ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan, ó ń kó iyanrìn àti òkúta káàkiri apá Ibese. Bó bá kọjá, á fọn fèrè, á pariwo sí mi pé, "Arábìnrin, ṣé o ti gba oúnjẹ alẹ́?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò gba àsọdùn. Likíìdì ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó wá ibi tó ti ń jò, ṣùgbọ́n ẹrù wà lórí ọkọ̀, ó ní kí òun dé ilé ná. Ó rán àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í pé kó sáré lọ ra ọ́ìlì bíréèkì wá. Ọmọbìnrin náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ́ìlì katakata. Onítọ̀hún bi í pé, "Ọ́ìlì wo?" Ó ní ti bíréèkì. Ọkùnrin náà ní èyí tí wọ́n ń lò sí katakata náà nìyí, ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́. Ó rọ ọ́ sínú ike fún un. Gàníyù wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń di nọ́ọ̀tì kan pọ̀. Ó ní kó bá òun dà á sí i. Ó dà á sí i. Wọ́n lọ.

Bíréèkì náà mú ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ó tún mú ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú jù: bí Gàníyù bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, táyà kì í fẹ́ tú sílẹ̀, ìdí rẹ̀ ń gbóná, ó ń rùn bí aṣọ tó ń jóná. Ó pinnu pé bí òun bá ti já ẹrù tọwọ́ òun, òun á gbé e wá sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹrù náà ni kò já. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni pẹ́dàlì ti wọlé lọ títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ó yí ọkọ̀ wọ oko ẹ̀gẹ́ kó má bàa pa àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ dojú dé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbà là. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó tún jókòó tì í lọ́jọ́ náà, kò délé mọ́.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tú másítà bíréèkì rẹ̀, ìyẹn ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti likíìdì, wọ́n sì kó àwọn rọ́bà inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun kan. Ó yẹ kí rọ́bà náà tó fìlà ike bíró. Gbogbo wọn ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi mọ́jú, wọ́n rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún likíìdì kì í gba ọ́ìlì sára. Bí ó bá kàn án, á wú, á fún mọ́ inú irin, kò ní lè lọ, kò ní lè bọ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Wọ́n ní, "Ṣadé, orúkọ ló pa ọmọ yẹn."

Mo lọ wo Gàníyù ní ọsibítù. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, Ṣadé. O mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tí mo rán ni kò mọ̀. Mo ní kó lọ ra ọ́ìlì. Ọ́ìlì ló rà wá fún mi."

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin yẹn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe rán an. Kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Láti ọjọ́ náà ni fífọ ẹnu tí ọ̀gá mi ń mú wa ṣe ti yé mi. Wọ́n mọ̀ pé àwa tí a wà nínú ṣọ́ọ̀bù kò ní ṣi agolo mú. Ẹni tí a máa rán lọ́jọ́ kan ni wọ́n ń rò, ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ju orúkọ tí a fún un lọ. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, bí Yorùbá ṣe wí. Ìjánu náà sì ni bíréèkì lédè wa. Mi ò tíì rí òwe tó bá iṣẹ́ mi mu tó bẹ́ẹ̀.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì rí ọ̀pọ̀ àyípadà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ní ọsibítù ni a ń wá kiri láti fi fa afẹ́fẹ́, torí ó mọ́ gaara, a lè rí èéfọ̀ọ́ inú rẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń hó bí ọṣẹ. Lónìí, wọ́n ń ta pọ́ǹpù aláfọwọ́fà tí ẹnì kan ṣoṣo lè fi ṣe iṣẹ́ náà. Mo lò ó, ó dára. Àwọn mọ́tò kan wà báyìí tí kọ̀ǹpútà ń bá wọn tẹ bíréèkì; bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú àpótí tirẹ̀, àfi kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí i kó tó jáde. Ẹ má ṣe bá irú ìyẹn jà nílé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó kẹ́yìn máa ń wo fídíò lórí fóònù kí n tó dé, wọ́n á sì bi mí ní ìbéèrè tí ọ̀gá mi kò ní gbádùn. Mo dúpẹ́ fún un. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ẹni inú fídíò kò mọ ohun tó wà nínú ike tiyín.

Likíìdì fúnra rẹ̀ ti di oríṣiríṣi. Ẹ wo ìdérí ibi tí ẹ ń bù ú sí nínú mọ́tò yín, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: DOT 3 tàbí DOT 4 ló pọ̀ jù lára èyí tó wà níhìn-ín. Èyí tí wọ́n kọ ni kí ẹ rà. Mọ́tò tó bá ní DOT 3 lè gba DOT 4, nítorí DOT 4 lè fara da ooru jù ú lọ. Mọ́tò tó bá ní DOT 4, ẹ má ṣe fún un ní DOT 3. DOT 5 lásán, láìsí .1 lẹ́yìn rẹ̀, ìran mìíràn ni. Kì í bá àwọn yòókù gbé inú ilé kan. DOT 5.1 kì í ṣe òun. Mo mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà kéré lójú. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n á ti máa yìn yín, ẹ má ṣe kọ́ bíréèkì. Ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún dáadáa máa ń rántí mẹkáníìkì rẹ̀. Ẹni tó tẹ bíréèkì tó mú, tí ọmọdé tó sáré sójú títì fi kọjá lọ ní àlàáfíà, onítọ̀hún á bú ọmọ náà, á sì máa wakọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Bí ìyẹn bá tẹ́ yín lọ́rùn, iṣẹ́ yín nìyí.

Ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́ ni mo fẹ́ padà sí. Nígbà tí mo dé Ayétòrò, mọ́tò náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, òun náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín."

"Bù ú wá sínú ife gíláàsì."

Ó gbé e wá. Mi ò mu ún. Mo gba ike omi tí wọ́n rọ nǹkan náà sí, mo kán díẹ̀ sínú ife náà. Bí likíìdì tòótọ́ bá kan omi, á yòrò mọ́ ọn, torí ọ̀rẹ́ omi ni. Èyí kò yòrò. Ó léfòó, ó tàn kálẹ̀ lójú omi bí epo lójú ọbẹ̀. Mo fi igi ìṣáná rò ó pọ̀. Ó tún padà wá sókè. Fọlákẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àní mo fẹ́ gbé àwọn ọmọ yẹn," ni ohun tí Fọlákẹ́ sọ.

"O ò gbé wọn."

Ó rọra ní, "Ṣé ká kàn fà á jáde, ká bu èyí tó dára sí i?"

Mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo èèyàn máa ń rò nìyẹn. Ká ní kò tíì tẹ bíréèkì lẹ́yìn tó bù ú, ọ̀rọ̀ ì bá rí bẹ́ẹ̀. Ó ti wà á láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó ta nǹkan náà fún un dé ilé ìwé, ó ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀, nǹkan náà ti sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo rọ́bà, láti másítà dé ìdí táyà, àti àwọn páìpù rọ́bà pẹ̀lú, àfi kí a pààrọ̀ wọn. Ilé ìwé fi bọ́ọ̀sì tiwọn gbé àwọn ọmọ lọ. A fi ọkọ̀ agbémọ́tò gbé mọ́tò náà wá sí àgbàlá mi ní Ìlaròó.

Músílíù, ọmọ iṣẹ́ mi tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ló wá pààrọ̀ àwọn rọ́bà náà. Òun ló fi ibi tí likíìdì àkọ́kọ́ gbà lọ hàn wá: ìdí táyà ẹ̀yìn lápá òsì ti tutù rinrin, ó ti ń jò díẹ̀díẹ̀. Likíìdì kì í tán bí epo bẹntiróòlù. Bí ó bá lọ sílẹ̀, yálà ó ń jò, tàbí páàdì tó ń di táyà mú ti jẹ tán. Iná pupa yẹn ti sọ òótọ́ fún Fọlákẹ́. Òun ló pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó ku afẹ́fẹ́ fífà, Músílíù na ọwọ́ sí sípánà rẹ̀. Fọlákẹ́ ní kó dúró.

"Èmi ni mò ń wà á. Èmi ni màá fà á."

"Ta ló sọ fún ẹ pé o mọ̀ ọ́n?" ni mo wí.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n wọ ṣọ́ọ̀bù. Láti kékeré, 'Fọlákẹ́, kúrò níbẹ̀, irin á já lé ẹ.' Ẹ wá kọ́ mi lónìí."

Músílíù wojú mi, ó wojú rẹ̀, ó ní òun ń lọ jẹun.

Orúnkún mi kò lè lọ sílẹ̀. Ó di dandan kí n gun orí ìjókòó, kí òun dùbúlẹ̀. Mo mú un lọ lẹ́sẹẹsẹ. Ilẹ̀ tó tẹ́jú. Òkúta síwájú àti sẹ́yìn táyà tí a kò tú. Ìdúró irin lábẹ́ mọ́tò, torí jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ọmọ ènìyàn ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Pákó kékeré lábẹ́ pẹ́dàlì kó má bàa wọlé tán, kó má bàa ba rọ́bà tuntun jẹ́. Likíìdì látinú ike tí òun fúnra rẹ̀ já ìdérí rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà jù sí másítà: ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn lápá òsì, iwájú lápá ọ̀tún, iwájú lápá òsì. Bí mọ́tò tirẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Àwọn mọ́tò kan ní ètò tiwọn, ẹ wo ìwé tirẹ̀. Bí a bá ti fà á fún ìgbà mélòó kan, a máa ń dúró bu likíìdì sí i lókè, kó má bàa gbẹ, ká má bàa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ta sára ọ̀dà mọ́tò, omi lójú ẹsẹ̀, torí ó máa ń bó o.

"Tẹ̀ ẹ́, Màmá!"

Mo tẹ̀ ẹ́.

"Dì í mú!"

"Ẹn, mo ti..."

"Màmá, kí lẹ sọ?"

"Mo dì í mú!"

Ó ṣí i. Pẹ́dàlì rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò rí i níbi tí mo wà. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, láti ìdí táyà, lábẹ́ irin. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà pọ̀ ju èyí tó bà mí lórí fóònù lọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbé ẹsẹ̀, kí n lọ wo ibi tí orí rẹ̀ wà. Bí mo bá sì gbé e, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo bà jẹ́. Mo dì í mú.

"Èéfọ̀ọ́ pọ̀ o, Màmá! Ó ń jáde bíi ti ọṣẹ!"

"Dé e."

"Mo ti dé e. Ẹ fi sílẹ̀."

Mo fi sílẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí ohun tó ń gba inú rọ́bà náà kọjá fi mọ́, tí kò sí èéfọ̀ọ́ kankan mọ́, a sì lọ sí èyí tó kàn. Nígbà tí a parí, mo tẹ pẹ́dàlì. Ó dúró lókè, ó le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo tan ẹ́ńjìnì. Pẹ́dàlì sọ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ kó ṣe, ó sì dúró. Mo fi gbogbo agbára mi dì í fún ìgbà pípẹ́, kò rì. Fọlákẹ́ yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò, kò sí èyí tó ń jò. Ó rọra wà á káàkiri nínú àgbàlá, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró, kó tó jáde ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó fẹ́ padà sí Ayétòrò, ó ní kí n máa bọ̀ kí n sin òun dé ìta ìlú, bí ọkàn mi kò bá balẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ọkàn mi kì í balẹ̀ lórí ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú páìpù yẹn báyìí, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Mo ní kó máa lọ. Mo dúró títí mi ò fi gbọ́ ìró mọ́tò náà mọ́, mo wọlé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ kà á kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n rọ látinú kẹ́ẹ̀gì. Ike tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já ni kí ẹ rà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ rán ọmọ yín lọ rà á, ẹ kọ orúkọ likíìdì náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé fún un.